Àmì Mẹ́fà Lórí Súẹ́dì

Nígbà tí Tẹ́ní Adéfọlá fi ìka kan ìrọ̀rí àga awakọ̀ inú mọ́tò náà, ó dà bí ìgbà tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ahun. Ohun tó yẹ kó múlọ́múlọ́ bí irun orí ọmọ tuntun ti le koko, ó ń dán, ó sì ti ṣù jọ. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ò tíì lù, ó ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti ru ẹrù láti àná.

"Wọ́n ní èmi ni mo bà á jẹ́," ni ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ wí.

Tẹ́ní ò kọ́kọ́ wẹ̀yìn. Ó mọ ohùn yẹn. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń sá fún un, tó ń gba ọ̀nà míì kọjá ní Lilburn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta ní Amẹ́ríkà, kí ojú rẹ̀ má baà bọ́ sára pátákó Sàídì Auto Interior. Àwọn ohùn kan wà tí etí kì í gbàgbé, bí ọkàn tilẹ̀ ti búra pé ó ti parí.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò ló rán an wá. Tí onímọ́tò bá ní nǹkan òun bàjẹ́, tó ní kí wọ́n sanwó, Tẹ́ní ni wọ́n máa ń ní kó lọ wádìí bóyá òótọ́ ni. Lọ́sẹ̀ yẹn nìkan, ó ti bá ọkùnrin kan pàdé tó fi òòlù fọ́ gíláàsì ara rẹ̀, ó sì ti gbọ́ ẹkún ìyàwó tó ní wọ́n jí mọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ lọ fi pamọ́ sọ́dọ̀ àbúrò òun. Irọ́ ti sú u. Òótọ́ náà sì ti ń sú u, nítorí òótọ́ ò jẹ́ kó sùn.

Ẹjọ́ tòní rèé. Nathaniel Oyèkànmí, apòògùn kan ní Lilburn, ra mọ́tò eré ìje aláwọ̀ eérú lóṣù tó kọjá. Súẹ́dì ni gbogbo inú rẹ̀: àga, sítíárìn, títí kan àjà. Kì í ṣe awọ ẹran o, òwú àtọwọ́dá ni wọ́n hun, tí wọ́n wá họ ojú rẹ̀ títí irun wẹ́wẹ́ fi yọ lára rẹ̀. Ó gbé mọ́tò náà fún Sàídì pé kó bá òun nu inú rẹ̀, nítorí òun fẹ́ gbé e lọ síbi àfihàn mọ́tò ní Hampton. Ní ọjọ́ kejì, inú mọ́tò ti di ìdàkudà. Nathaniel kọ̀wé sí adójútòfò, ó sì lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá pé ṣe ni Sàídì mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́.

"O ò sọ fún ọ̀gá ẹ pé o mọ̀ mí?" ni Sàídì béèrè.

"Mo sọ fún un. Ó ní gbogbo ẹ̀yin Nigeria lẹ mọra yín, kí n lọ ṣiṣẹ́ mi." Ó yíjú sí i wàyí. Ewú ti yọ nírùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn òun ti kó lọ sí Texas. Tẹ́ní fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ẹnikẹ́ni rárá. "Kí ni ọlọ́pàá wí?"

"Ó ní tí mi ò bá rí ẹ̀rí kankan mú wá títí aago márùn-ún ọ̀la, wọ́n máa charge mi." Sàídì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Monday ni interview citizenship mi, Tẹ́ní. Ọdún kẹsàn-án rèé. Tí ẹ̀sùn bá ti wà lórí mi lọ́jọ́ yẹn, ó parí nìyẹn."

"Kò ní parí."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo kàn wí i ni. Ìgbà wo ló gbé mọ́tò wá?"

"Mọ́ńdè, ìrọ̀lẹ́. Mo ti lọ kírun Màgírìbì. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ."

"O yẹ inú mọ́tò wò?"

"Ìgbà tí mo dé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo kàn wà á wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní ojúmọ́ á mọ́."

"Fọ́tò ńkọ́? O ò ya fọ́tò kó o tó fọwọ́ kàn án?"

Ó mi orí pé rárá. 

"Sàídì!"

"Ọmọ Yorùbá ni, Tẹ́ní! Tí mo bá ń yàwòrán mọ́tò ẹ̀gbọ́n kí n tó fọ̀ ọ́, wọ́n á ní mò ń fi wọ́n pe olè. Aago méje àárọ̀ Tuesday ni mo tan iná, tí mo rí i. Èmi fúnra mi ni mo pè é. Èmi náà ni mo wá di ọ̀daràn."

"Wọ́n ní ìwọ àti Nathaniel ti jà tẹ́lẹ̀."

Sàídì fún un ní fóònù. Lóṣù tó kọjá, Nathaniel ti kọ ọ́ sórí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ Nàìjíríà pé Sàídì kì í parí iṣẹ́ lásìkò. Sàídì fèsì pé: "Ẹ máa kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yìí."

"Ìbínú rẹ yìí ò tíì gbó síbẹ̀," ni Tẹ́ní wí.

"Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé ó máa bẹ̀ mí kí n tó tún gba iṣẹ́ ẹ̀! Ó sì bẹ̀ mí. Ìjà ti parí. Ọlọ́pàá ò gbọ́ Yorùbá, ẹ̀rọ ló túmọ̀ ẹ̀ fún un."

Tẹ́ní fi fóònù lé e lọ́wọ́. "Ó dáa. Kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń nu súẹ́dì, bí ẹni pé mi ò gbọ́n."

Níbẹ̀ ni ojú Sàídì ti tàn díẹ̀. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kan tó rọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. "Wàá kọ́kọ́ fi fákúùmù fa eruku jáde. Lẹ́yìn náà, omi bátìrì, èyí tí kò ní iyọ̀ nínú, ni wàá fi rin aṣọ, wàá fún un dáadáa, wàá máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. O ò gbọdọ̀ fi họ ọ́. Ó máa gbẹ fúnra ẹ̀ níbi òjìji, o tún wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbé irun ẹ̀ dìde. Tó o bá tọ́jú ẹ̀ báyìí, ó lè lo ọdún mẹ́wàá kó má gbó. Ọ̀rá ló ń pa á. Ọ̀rá ọwọ́ lásán, tí o bá ń di sítíárìn mú lójoojúmọ́ láì nù ún, irun á dùbúlẹ̀, kò sì ní dìde mọ́."

"Ọ̀rá," ni Tẹ́ní tún wí.

Ó tan iná fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tàn án sí súẹ́dì lójúkojú. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba orí irun náà kọjá bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń gba orí koríko. Ara sítíárìn àti ìrọ̀rí àga awakọ̀ ló ti bàjẹ́ jù. Wọ́n ti họ ọ́ títí òwú abẹ́ rẹ̀ fi hàn. Ó wo ìrọ̀rí àga kejì. Kò sí ẹni tó họ ibẹ̀ rárá, àmọ́ àmì dúdú kan wà láàárín rẹ̀ gan-an, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ó bọ́ sẹ́yìn. Ìrọ̀rí àga ẹ̀yìn méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ọrùn rẹ̀ ń dùn ún, tó fẹ́ jáde, ló tó gbójú sókè. Lórí àjà, ní ọ̀gangan orí awakọ̀, àmì kan tún wà níbẹ̀.

"Sàídì, ta ló máa ń fọwọ́ kan àjà mọ́tò?"

"Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án."

Ó ka gbogbo rẹ̀: sítíárìn, ìrọ̀rí mẹ́rin, àjà. Mẹ́fà. Ó na imú sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dùn díẹ̀, ó dà bí òdòdó, nǹkan kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ dáadáa, tí kò rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí i pé nǹkan kan há sójú rírán àga. Ó fi èékánná fà á yọ: fọ́nrán kan tó gan, aláwọ̀ ilẹ̀.

Sàídì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Kànìnkànìn nìyí."

"Ṣé o ní in níbí?"

"Kànìnkànìn? Lórí súẹ́dì? Tẹ́ní, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Kànìnkànìn tó ń bó awọ ara èèyàn!"

"O ní in nílé?"

Ó gbójú sílẹ̀. "Ta ni ò ní in nílé nínú wa?"

"Ohun tí ọlọ́pàá máa wí náà nìyẹn," ni Tẹ́ní wí. "Yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Sàídì ò fẹ́ sọ. Ó wá sọ ọ́. "Divine."

Alábàáṣiṣẹ́ Sàídì ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n túká ní ọdún méjì sẹ́yìn pẹ̀lú ariwo, Divine sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Hampton, lẹ́bàá pápá eré ìje mọ́tò. Gbogbo ayé mọ̀ pé òróró awọ ló ń fi pa ohun gbogbo, ìbáà jẹ́ awọ, ìbáà jẹ́ rọ́bà.

Ọ̀nà Hampton jìn, mọ́tò sì dí ọ̀nà láti Atlanta títí dé McDonough. Láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń jáde láti ilé ìkẹ́rùsí, Tẹ́ní fi ọwọ́ kan di sítíárìn mú, ó fi ìkejì di orí ara rẹ̀ mú. Ó rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ̀, díákónì, sọ fún un pé òun ò ní fi ọmọ òun fún ọmọ Àlùfáà Mùsùlùmí láéláé, àti bí bàbá Sàídì náà ṣe sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà lọ́jọ́ kejì, bí ẹni pé àwọn àgbà méjèèjì jọ gbìmọ̀. Ìfẹ́ kan wà tí kò bá ìjà lọ. Ó kàn rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sílẹ̀.

Divine ń fọ táyà nígbà tó dé. Edo ni, àmọ́ Surulere ló dàgbà sí.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ṣé mọ́tò yín yìí ni? Chai, this one don suffer."

"Ẹjọ́ Sàídì ni mo bá wá. Ṣé o gbọ́?"

"Who no hear? Wọ́n ní ó pa súẹ́dì." Divine da omi inú báàkẹ́ẹ̀tì nù. "Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, I no like Sàídì. Ó máa ń pẹ́, ó máa ń fọ́nnu. Àmọ́ kò lè pa súẹ́dì. Ọkùnrin yẹn máa ń bá súẹ́dì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀. Bóyá ìyẹn ni ìyàwó ẹ̀ ṣe lọ."

Tẹ́ní fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí okun ẹ̀rín. "O ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Ó wà nínú drawer. Ó ti dípẹtà. Lálẹ́ Monday, shift ni mo wà ní warehouse, McDonough. Ẹ wò ó." Ó fi fóònù hàn án: ó wọlé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó jáde ní mẹ́fà àárọ̀. "Ṣọ́ọ̀bù ò tíì tó mi jẹ, Àǹtí. Mo ń fi òru bù ú kún."

"Jẹ́ kí n gbóòórùn òróró awọ rẹ."

Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń rùn. Kì í ṣe òórùn inú mọ́tò Nathaniel.

"Ìbéèrè kan ló kù," ni Tẹ́ní wí. "Ọ̀rá wà lórí àjà."

Divine na ọrùn. "Lórí àjà? Àǹtí, ẹni yẹn kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ wa. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ àjà mọ́ irin. Tí nǹkan bá rin ín, ó máa jábọ́. Gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tó bá tọ́ òróró síbẹ̀, he no come clean am. He come do another thing."

Ọ̀rọ̀ yìí bá Tẹ́ní padà dé Lilburn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rò ó bó ṣe ń wakọ̀. Àbí Nathaniel fúnra rẹ̀ ló bà á jẹ́ nítorí owó adójútòfò? Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ba mọ́tò jẹ́ gba owó, ó máa gé e ni, tàbí kó da nǹkan sí i kó tàn káàkiri. Kò ní fi kànìnkànìn họ ibi méjì kó fi mẹ́rin sílẹ̀. Ẹni tó ń họ nǹkan, àtúnṣe ló ń ṣe. Ó ń gbìyànjú láti mú nǹkan kúrò níbẹ̀. Ó rí sítíárìn nítorí ó ń dì í mú, ó rí ìrọ̀rí tirẹ̀, kò rí àwọn tó kù. Nítorí náà, ẹni méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹnì kan fi ọ̀rá síbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ní ibi mẹ́fà. Ẹnì kejì, onímọ́tò fúnra rẹ̀, fi ìpayà họ ọ́.

Kí ni àgbàlagbà onímọ́tò ń bẹ̀rù nínú ilé ara rẹ̀?

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló tẹ agogo ilé Oyèkànmí. Hephzibah, ìyàwó Nathaniel, ló ṣílẹ̀kùn, aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.

"Ẹ wọlé, Sister. Mo ń sáré lọ sí shift. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì ni, àbí?"

"Ìyàwó kejì?"

"Mọ́tò yẹn! Ó máa ń fi òwú nu ojú ẹ̀. Èmi, ọjọ́ wo ló nu ojú mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ti jáde.

Nathaniel dìde láti orí àga ìjókòó. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ṣùgbọ́n ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Ìyá rẹ̀, Màmá Oyèkànmí, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìbàdàn ló ti wá, kò tíì pé oṣù kan.

Tẹ́ní kúnlẹ̀. "Ẹ kúrọ̀lẹ́, mà."

"Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ojú ẹ ti rẹ̀. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Irọ́ ni."

Tẹ́ní yíjú sí Nathaniel. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, láti ìgbà tí ẹ ti ra mọ́tò, ta ló ti wọ inú rẹ̀?"

"Èmi nìkan."

"Lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́, ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ẹ gbé e lọ?"

"Mo ní èmi nìkan! Sàídì ló bà á jẹ́. Ó kọ ọ́ sí mi pé màá kábàámọ̀. Ọlọ́pàá ti rí i."

Ọ̀rọ̀ náà yá jù. Tẹ́ní ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́. Ní kíṣínì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́, àwo ọṣẹ dúdú kan wà níbẹ̀, kànìnkànìn sì wà lórí rẹ̀. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Láàárín àwọn fọ́nrán rẹ̀, irun wẹ́wẹ́ kan há síbẹ̀, ó rọ̀, aláwọ̀ eérú ni.

Ó rí ẹnì kejì. Ẹni àkọ́kọ́ ló kù. Òórùn yẹn tún dé sí i lọ́kàn. Ó gbọ́ ohùn Màmá láti pálọ̀, tó ń dá orin ìyìn kọ lábẹ́ èémí, ó sì wá rántí ibi tó ti mọ òórùn náà: iwájú pẹpẹ, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tí wọ́n ń fi òróró sí i lórí kó tó wọ iléèwé tuntun.

Ó padà sí pálọ̀. Kò bá Nathaniel sọ̀rọ̀ mọ́.

"Màmá, mo fẹ́ bẹ̀ yín nǹkan kan. Ojú ọ̀nà ni mo máa ń wà lójoojúmọ́. Hampton ni mo ti ń bọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà sí mọ́tò mi."

Nathaniel fò dìde. "Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ó ti rẹ̀ yín."

"Rẹ ta ni? Ọmọ ẹni tó bá béèrè àdúrà, a kì í sọ fún un pé ó di ọ̀la." Màmá ti ń wá báàgì rẹ̀. Ó mú ìgò kékeré kan jáde. "Òróró yìí rèé, pásítọ̀ wa ní Ìbàdàn ló gbàdúrà sí i. Mo da lọ́fínńdà díẹ̀ sí i, kó lè máa ta sánsán."

Tẹ́ní ṣílẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ gbẹrẹfu. Màmá wọlé, ó jókòó sípò awakọ̀, ó pa ojú dé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ orí sítíárìn. "Ọwọ́ tó ń dì í mú, kò ní ṣìnà." Ọ̀kan. Ó yí, ó tẹ ìrọ̀rí àga awakọ̀, ó tẹ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó tẹ àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tó bá jókòó síbí kò ní sùn oorun ikú." Márùn-ún. Tẹ́ní ń kà á sínú. Lẹ́yìn náà, ìyá arúgbó náà na apá sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ àjà, ní ọ̀gangan orí ara rẹ̀.

"Màmá, kí nìdí tí ẹ fi ṣe ti òkè yẹn?"

"Ojú ọ̀run ló wà lókè, ọmọ mi. Mo fi bo orí awakọ̀ ni."

Mẹ́fà.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fún ti Bùrọ̀dá Nathaniel?"

"Lọ́jọ́ Àìkú! Àbí kí wọ́n ra irú mọ́tò olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ kí n máa wò ó? Nígbà tí wọ́n sùn lẹ́yìn ìsìn, mo yọ́ lọ síbẹ̀."

Tẹ́ní mú Nathaniel lọ sí gáréèjì. Ó fara ti ògiri, ó sì sọ ọ́ fún un láìgbé ohùn sókè.

"Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá fi òróró sí i. Mọ́tò yín dúró sínú oòrùn títí di Mọ́ńdè, ooru mú kí òróró náà mu wọnú irun súẹ́dì. Ẹ rí àmì dúdú lára sítíárìn àti ìrọ̀rí. Ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn họ ọ́. Ó wá burú sí i. Ẹ dúró kí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, ẹ sì lọ sọ kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí nígbà tí ẹ mọ̀ pé Sàídì wà ní mọ́ṣáláṣí. Kànìnkànìn yín ṣì wà ní kíṣínì. Irun mọ́tò wà lára ẹ̀."

Nathaniel jókòó sórí àpótí ìrinṣẹ́. 

"Ẹ má sọ fún Màmá," ló sọ. "Ẹ jọ̀ọ́. Ọdún mẹ́ta tí mi ò rí iṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí, ìyá yẹn ò jẹun àárọ̀. Gbogbo àárọ̀, ààwẹ̀. Ẹ fẹ́ kí n wá sọ fún un pé àdúrà ẹ̀ ló ba mọ́tò mi jẹ́?"

"Ẹ ò bá sọ fún un pé ẹ kò mọ ohun tó bà á jẹ́."

"Hephzibah á wádìí. Mo rò pé adójútòfò á sanwó, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Mi ò rò pé ọlọ́pàá á..."

"Ẹ̀yin lẹ lọ bá ọlọ́pàá, sà! Monday ni interview citizenship ọkùnrin yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dúró dè é. Ẹ ò fẹ́ kí omi bọ́ lójú ìyá yín, ẹ wá ní kí ayé ọmọ ìyá ẹlòmíì bàjẹ́?"

Ẹnì kan wú ikọ́. Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó wọ gáréèjì, ìgò òróró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ bó ti pẹ́ tó níbẹ̀.

"Nathaniel."

"Mà."

"Òróró mi ló bà á jẹ́?"

Ọkùnrin náà ò lè gbójú sókè. "Súẹ́dì ni, mà. Kì í fẹ́ ọ̀rá. Ẹ ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀. Ìwọ mọ̀." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Mo gbàdúrà kí mọ́tò má pa èèyàn. Ìwọ wá fẹ́ fi mọ́tò kan náà pa èèyàn. Pe ọlọ́pàá."

"Màmá, wọ́n lè mú èmi náà. Irọ́ ni mo pa fún wọn."

"Mo gbọ́. Pè é."

Ó pè é. Ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn bí ẹni ń tu òkúta jáde lẹ́nu: pé òun ló họ ọ́, pé mọ́tò ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ Sàídì, pé irọ́ ni òun pa. Ọlọ́pàá ní kó wá láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la wá fọwọ́ síwèé, kó sì mú lọ́yà dání. Nígbà tó parí, Màmá ti wọ bàtà.

"Ó yá, ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà."

Sàídì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n dé. Kò sí oníbàárà kankan, ọ̀rọ̀ WhatsApp ti lé wọn lọ. Ó rí Nathaniel, ojú rẹ̀ le. Kó tó sọ̀rọ̀, ìyá arúgbó náà ti rìn wá síwájú rẹ̀, ó di ìbàdí mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kúnlẹ̀.

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Sàídì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré, àyà rẹ̀ kan epo. "Màmá, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ò bí mi láti máa kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?"

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrú tẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Lọ́wọ́ wa."

Nathaniel náà ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Kò rí ọ̀rọ̀ sọ ju "Ẹ má bínú" lọ, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ.  Sàídì fa Màmá dìde, ó gbé àga fún un.

Màmá wo inú mọ́tò eérú náà láti ibi tó jókòó. "Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Èyí tí òróró nìkan fọwọ́ kàn, màá fi sùúrù fà á jáde. Ó lè gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí kànìnkànìn ti họ, ó ti lọ, mà. Àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀."

"Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n ti họ lára tìẹ?"

Sàídì ṣí ẹnu. Fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e sétí, ó ní "Yes, sir" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ní "Thank you, sir." Ó pa á. "Ọlọ́pàá ni. Wọ́n ní ẹ̀sùn ò sí mọ́," ló wí. Ìgbà náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Nathaniel mú ìyá rẹ̀ jáde. Tẹ́ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun náà máa lọ. Ìròyìn wà láti kọ, ẹjọ́ mìíràn ń dúró dè é lọ́fíìsì láàárọ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí ìdúró. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó padà. Ó tẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí kọnkéré, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàídì, èjìká rẹ̀ kan tirẹ̀.

Ọkùnrin náà yọwọ́ lójú.

"Tẹ́ní, wọ́n ní kí n mú ẹnì kan dání lọ síbi interview lọ́jọ́ Monday, tí mo bá ní ẹni tó máa dúró dè mí níta."

"Aago mélòó?" ni Tẹ́ní béèrè.